Ẹ̀rọ Tó Ń Yí Ohùn Padà: Ègbè Látẹnu Ẹnì Kan Ṣoṣo

Andy Hildebrand, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ wíwá epo rọ̀bì rí, ló gbé Auto-Tune jáde lọ́dún 1997, kí olórin tí ohùn rẹ̀ bá yẹ̀ lè fi tún un ṣe láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Lọ́dún 1998, àwọn tó ṣe orin 'Believe' fún Cher mọ̀ọ́mọ̀ lò ó ní àlòjù; ohùn náà ń fò bíi ti ẹ̀rọ, ayé sì gbà á.

Melodyne, tí wọ́n ṣe ní Jámánì, ń to ìró kọ̀ọ̀kan sójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó dá wà nínú yàrá rẹ̀ lè kọrin lẹ́ẹ̀kan, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kó gbé ọ̀kan sókè, kó rẹ èkejì sílẹ̀, ègbè ti dé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohùn ló ń gbé ìtumọ̀ èdè Yorùbá. Bí ẹ bá gbé ìparí 'ọkọ̀' nìkan sókè, 'ọkọ́' ni olùgbọ́ lè gbọ́, awakọ̀ yóò sì di àgbẹ̀! Gbogbo ìlà orin ni kí ẹ gbé pọ̀. Bó bá jẹ́ ìró kan ṣoṣo lẹ fọwọ́ kàn, ẹ pe ẹlòmíràn wá gbọ́ ọ kí ẹ tó gbé orin náà jáde.