Ọta Ìbọn Ogun Bọ́mà Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí Ìtàn

Ẹ̀yin ará, ohun kékeré ni a mú wá síwájú yín: ìkarahun ọta ìbọn ogun, tí ẹ̀tù ti tán nínú rẹ̀. Àwọn kan ń kó irú rẹ̀ jọ bí àwọn ẹlòmíràn ti ń kó owó àtijọ́ jọ. Ní Amukòkò wa yìí, tí èbúté Àpápá kò jìnnà sí, ó yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀.

Ní 1943 ni a dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí a ń pè ní Dìfíṣọ̀n 81 sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún náà gan-an ni wọ́n wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ dé àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Ọkọ̀ òfúrufú ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn nínú igbó. Àwọn aláàárù ológun sì ń fi orí rù wọ́n, púpọ̀ nínú wọn láìní ìbọn ti ara wọn.

Ọta náà gùn ju íǹṣì 3 lọ díẹ̀. Ẹ̀tù inú rẹ̀ kò dà bí ẹ̀tù dúdú àwọn ọdẹ wa; ó rí tín-ín-rín bí okùn, a sì dì í papọ̀ bí ọwọ̀. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ni ìwé wà. Bí ẹ bá rí KF níbẹ̀, Kirkee ní Íńdíà ni a ti ṣe é. DAC, Kánádà ni. K, ilé iṣẹ́ Kynoch ní Birmingham ni. 43 ni ọdún 1943; VII sì ni irú ọta tí a gbà lò láti 1910.

Òkú ọta nìkan ni kí a kó. Àwọn ológun tilẹ̀ ní ọta ìkẹ́kọ̀ọ́, tí a lu ihò sí lára, tí kò ní ẹ̀tù rárá. Ṣùgbọ́n bí àpá abẹ́rẹ́ ìbọn bá wà ní ìdí ọta, tí orí rẹ̀ sì wà síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra: ó lè jẹ́ èyí tí ó kọ̀ láti dún. Ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ wò. Ẹ pe ọlọ́pàá.

Ẹ̀rí ọta náà sì ní ààlà. Ó sọ ibi tí a ti ṣe é, kò sọ ẹni tí ó yìn ín tàbí ẹni tí ó rù ú. Bí alágbẹ̀dẹ bá yọ́ ọ, ọdún ara rẹ̀ pàápàá lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí i nínú àpótí baba rẹ̀, kí ó kọ orúkọ baba náà, ìlú rẹ̀, àti ohun tí ó sọ nípa ogun sórí páálí, kí ó so ó mọ́ ọn, nígbà tí ẹnìkan nínú ilé ṣì rántí.