Kẹ̀kẹ́ Àfọwọ́yí Inú Ọkọ̀ Òfuurufú

Ní ọdún 1914, lókè odò Seine nítòsí ìlú Paris, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Lawrence Sperry na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè nínú ọkọ̀ òfuurufú, ẹyẹ onírin, arìnjìnnà má fẹsẹ̀ kanlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mẹkáníìkì rẹ̀ ń rìn lórí apá ọkọ̀ náà, kí ayé lè rí i pé ẹ̀rọ tí òun gbé wá lè mú ọkọ̀ náà dúró ṣinṣin láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì burú, nítorí ọwọ́ a máa rẹni, ojú a sì máa tòògbé.

Síbẹ̀, nígbà tí Boeing 737 kọ́kọ́ fò ní 1967, kẹ̀kẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún awakọ̀ tí ó lè fi ọwọ́ yí láti darí ìrù ọkọ̀. Ìwé atọ́nà àtijọ́ sì kọ́ni pé bí agbára afẹ́fẹ́ kò bá jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ náà ṣeé yí, kí awakọ̀ dẹ ọwọ́ kí imú ọkọ̀ rọra sọ̀, kí ó yára yí i nígbà tí ó bá fúyẹ́, kí ó tún fa imú sókè, kí ó sì máa ṣe é léraléra. Ọgbọ́n àgbà yìí ni wọ́n yọ kúrò nínú àwọn ìwé ìgbẹ̀yìn.

Nígbà tí ó kan 737 Max, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi, tí wọ́n sì tì í síwájú débi pé ó lè máa gbé imú ọkọ̀ sókè, Boeing fi ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ MCAS sínú rẹ̀ láti máa tẹ imú náà wálẹ̀, láìṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí awakọ̀ ń kà. Olójúkan kì í tàkìtì òró; ṣùgbọ́n nínú ohun méjì tí ń sọ bí imú ọkọ̀ ti dagun tó, ẹyọ kan ṣoṣo ni MCAS ń gbọ́ tirẹ̀ nígbà náà. Ní 28 oṣù kẹwàá 2018, ẹyọ kan náà purọ́ fún ọkọ̀ Lion Air tí ń ti Bali lọ sí Jakarta. Awakọ̀ kẹta tí ó kàn bá wọn wọkọ̀ ló ràn wọ́n lọ́wọ́: wọ́n pa iná tí ń yí ìrù, wọ́n sì fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn mìíràn gbé ọkọ̀ náà, ènìyàn 189 sì bá a lọ sínú òkun Java.

Ní 10 oṣù kẹta 2019, àwọn awakọ̀ 737 Max mìíràn tó gbéra ní Addis Ababa pa iná náà bí Boeing ti pàṣẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n eré ti pọ̀ jù, kẹ̀kẹ́ kọ̀, kò yí; wọ́n tún tan iná, MCAS tún dìde. Ẹni 157 ló ṣòfò, Pius Adesanmi sì wà nínú wọn, ọmọ Ìsánlú ní ilẹ̀ Yàgbà, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Carleton ní Kánádà, tí kálàmù rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Lẹ́yìn èyí ni àwọn kan ní Amẹ́ríkà ń wí pé awakọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni kò mọṣẹ́. Èmi kò rí bí a ṣe lè yọ ọgbọ́n kúrò nínú ìwé tán, kí a tún máa bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè rẹ̀. Boeing fúnra rẹ̀, tí ó ti ń fi yangàn fún àwọn oníbàárà pé awakọ̀ 737 kò ní láti lọ kọ́ṣẹ́ nínú ẹ̀rọ àfarawé ọkọ̀ kí ó tó wa Max, ní oṣù kìíní 2020 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo wọn lọ.