Gègé Olùkọ́ Àjàṣẹ́: Louis Hunkanrin àti Àwọn Ẹrú Mauritáníà

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Òwe náà rọrùn láti pa láàárín ẹbí, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìwé nígbà tí ẹni tí ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ìyà. Louis Hunkanrin, ọmọ bíbí Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, kọ ọ́.

Olùkọ́ ni. Ó kọ́ iṣẹ́ náà ní Saint-Louis ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ó sì padà wá kọ́ àwọn ọmọdé ní Ouidah. Ní ọdún 1910, ìjọba amúnisìn lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ó ti fi gègé bá àwọn aláṣẹ tí ń ni ará ìlú lára wí. Ó dá ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Faransé sílẹ̀ ní Dahomey. Ní 1920 ó wà lára àwọn tí wọ́n gbé ìwé ìròyìn Le Messager dahoméen jáde ní Paris. Ẹ̀wọ̀n kò sì jìnnà sí i ní gbogbo àkókò yìí.

Ní 1923, ìjọba fi kún owó-orí. Àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀ láti san án, àwọn òṣìṣẹ́ sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìjọba kó ọmọ ogun wá, ó sì lé àwọn tí ó kà sí aṣáájú kúrò nílùú. A rán Hunkanrin lọ sí Mauritáníà fún ọdún mẹ́wàá.

Níbẹ̀ ni ó ti rí i tí ènìyàn ń fi ènìyàn jogún. Bẹ́ẹ̀ ni Faransé ti fòpin sí ẹrú nínú òfin láti 1848, ó sì ti ka òwò ẹrú léèwọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1905. Ṣùgbọ́n àwọn olówó ẹrú ni ìjọba fi ń rí ìlú ṣàkóso, nítorí náà ó di ojú rẹ̀. Hunkanrin kò dákẹ́. Ní 1931, ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀ lórí ẹrú ní Mauritáníà jáde ní Faransé. Nínú àkọlé rẹ̀ gan-an ni ó ti pe ọ̀ràn náà ní ìwà ọ̀daràn ìjọba amúnisìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Kétu náà. Ní 1886, ogun Dahomey fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Abomey. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Abomey ni àwọn tí ó kù padà wálé ní 1894 láti tún ìlú kọ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ka Faransé sí olùdáǹdè. Hunkanrin kò jiyàn lórí ìlérí òmìnira náà. Ohun tí ó béèrè ni pé kí a mú un ṣẹ fún gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe ọ̀tá Faransé. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó gbè sẹ́yìn àwọn tí ń tẹ̀lé de Gaulle. Ìjọba Vichy tún lé e lọ sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Màlì lónìí, kò sì padà dé títí di 1947. Ó kú ní 1964.

Ẹnìkan lè sọ pé ìwé rẹ̀ kò tú ẹrú sílẹ̀. Lóòótọ́, 1981 ni Mauritáníà tó fòfin pa ẹrú rẹ́, 2007 ni ó tó di ọ̀ràn tí a ń torí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n láti 1931, kò sí aláṣẹ tí ó lè sọ pé òun kò gbọ́.

Ó lè fi gègé rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀ nìkan. Ó fi í gbèjà àwọn tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀. Àwa ńkọ́, tí a ṣì ń gbọ́ "ọmọ ẹrú" nígbà tí a bá ń wádìí ìdílé àfẹ́sọ́nà? Ilé wa ni ẹ̀kọ́ Hunkanrin ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀.