Ìjókòó Kejì: Ìṣirò àti Ẹnu Ọ̀nà Yunifásítì

Láti ọdún 1952 tí a ti dá àjọ WAEC sílẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí ìdánwò ti ń pín ọ̀dọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní Nàìjíríà, JAMB dé ní 1978, ètò ìgbaniwọlé sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin tó wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kírẹ́díìtì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú wọn, láàárín ìjókòó méjì péré.

Ìjókòó kejì yìí ni ó sọ GCE ìparí ọdún, àti NECO tó dé ní 1999, di ibi ìsádi fún ẹni tó gba D7 nínú ìṣirò. Ìjọba gbà pé ẹni tó ṣubú lè dìde. Ṣùgbọ́n ọrùn òbí ni ó gbé ẹrù ìdìde náà kọ́: owó ìdánwò, owó lẹ́sìnnì, àti odidi ọdún kan.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ kéde pé kírẹ́díìtì ìṣirò kò pọn dandan mọ́ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ bí èdè àti lítíréṣọ̀. Ìtura nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ di ẹnjiníà ṣì wà níbi tó wà: bí kò bá rí olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ìjókòó kejì ló ń dúró dè é. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Olùkọ́ ni gbèsè tí ìjọba jẹ wá.