Láti Ìjù dé Orí Òrùlé: Ta Ni Ó Ń Ti Omi Wọ Ilé ní Èkó?

Bí àwọn onímọ̀ ìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa omi ẹ̀rọ ní Èkó, orí owó omi ni ọ̀rọ̀ wọn sábà máa ń dá lé. Ìdí wà fún èyí. Ní ọdún 1908, lábẹ́ Gómìnà Walter Egerton, ìjọba amúnisìn gbèrò láti fa omi láti Ìjù wọ ìlú, kí àwọn ará Èkó sì máa san owó rẹ̀. Àwọn ará Èkó kọ̀. Wọ́n ní kànga nínú agbo ilé wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì gbà pé nítorí àwọn Òyìnbó ni a ṣe fẹ́ gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún náà. Herbert Macaulay pẹ̀lú tako owó omi. Iṣẹ́ náà kò tìtorí èyí dúró, rògbòdìyàn sì tún bẹ́ sílẹ̀ lórí owó náà ní 1916.

Ohun tí ìtàn òṣèlú yìí bò mọ́lẹ̀ ni ipá tí ó ń ti omi. Kànga kò ní ipá kankan ju apá ẹni tí ó ń fà á lọ. Omi ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀: kí ó tó lè jáde, ohun kan gbọ́dọ̀ máa tì í lẹ́yìn, yálà gíga ibi tí a gbé e sí tàbí ẹ̀rọ. Ní ojú tèmi, ara ohun tí ìjọba ń bèèrè owó lé lórí ni ipá yìí.

Ọ̀ràn ti yí padà. Iléeṣẹ́ omi Ìjù ṣì wà, a sì ṣí ti Adíyàn kún un ní 1991, èyí tí a kọ́ láti máa pèsè mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Síbẹ̀, páìpù ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ ilé, ó sì dé àwọn mìíràn láìsí omi nínú rẹ̀. Onílé wá di iléeṣẹ́ omi fún ara rẹ̀. Ó gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù, ó ri ẹ̀rọ afami sínú rẹ̀, ó gbé táńkì oníke lé orí òpó irin.

Ìṣirò táńkì yìí kò le. Bí omi bá ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ ní mítà 10, ipá rẹ̀ tó nǹkan bíi bar 1. Mítà 6 kò lè mú ju nǹkan bíi 0.6 wá. Èyí tó fún korobá àti abọ́ fífọ̀, ṣùgbọ́n omi a máa ro tótó ní ilé ìwẹ̀ òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ra ẹ̀rọ kékeré tí ó ní àgbá ipá. Nínú àgbá náà, rọ́bà pààlà sí àárín afẹ́fẹ́ àti omi. Bí ẹ̀rọ bá ti omi wọlé, afẹ́fẹ́ a fún pọ̀. Bí a bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ yìí ni yóò ti omi jáde. Ìgbà tí ipá bá wálẹ̀ dé ìwọ̀n kan ni ẹ̀rọ yóò tó tún tan ara rẹ̀. Láìsí afẹ́fẹ́ náà, ife omi kan ṣoṣo tó láti ta ẹ̀rọ jí, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi jóná.

Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, korobá díẹ̀ ni àgbá náà lè fún ni. Táńkì orí òpó kò bèèrè iná lẹ́yìn tí ó bá ti kún. Nítorí náà, n kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ka táńkì orí òrùlé Èkó sí àmì ìfàsẹ́yìn: ẹni tí ó mọ ìwà iná ìlú rẹ̀ ni ó gbé e síbẹ̀.

Ohun tí ó burú ni kí a so ẹ̀rọ mọ́ páìpù ìjọba tààrà. Yóò fa omi kúrò lọ́dọ̀ aládùúgbò, bí páìpù bá sì ti là, yóò fa ìdọ̀tí gọ́tà wọ inú rẹ̀. Ní 1908, àríyànjiyàn wà lórí ẹni tí yóò san owó ohun àjọni. Níhìn-ín, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára jù ni ó ń kó o lọ, láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀pọ̀ ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, wọ́n máa ń dá owó iná àti epo jẹnẹrétọ̀ tí a fi ń fa omi. Owó omi náà nìyẹn. Alámòójútó ilé ni ó ń gbà á, kò sì sí ìwé ìjọba tí a kọ ọ́ sí.