Iṣẹ́ Tí Lésà Ń Ṣe Lójú

Ẹ jẹ́ ká gba "lésà" wọ inú èdè Yorùbá bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún ni wọ́n kó jọ tó di orúkọ yẹn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ túmọ̀ márààrún, gbólóhùn gbọọrọ ni yóò bá bọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, tó ṣe olótùú Èdè-Ìperí Yorùbá lọ́dún 1984, kò ta ko ọ̀rọ̀ àyálò: Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá ló pe ìwé rẹ̀ ti ọdún 1990.

Ibi ọ̀rọ̀-ìṣe ni wàhálà wà. Ẹni tó ti Ìdóàní tàbí Ifọ̀n wá gba ìtọ́jú ojú ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, tó gbọ́ pé wọ́n ń fi lésà tún ojú ṣe ní Èkó kí èèyàn lè bọ́ awò sílẹ̀, ohun tí ará ilé máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé wọ́n á fi iná jó o lójú. N kò fara mọ́ "jó" yẹn rárá. Ó ń dẹ́rù bani, kì í sì í ṣe òótọ́.

Lọ́dún 1981, Rangaswamy Srinivasan, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní iléeṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, gbé tòlótòló tó ṣẹ́ kù níbi ọdún Ìdúpẹ́ lọ sí yàrá ìwádìí, ó sì tan lésà sí i. Ojú ibi tó gé mọ́ tónítóní, etí rẹ̀ kò jóná. Ìtànṣán lésà náà, tí ojú wa kò lè rí, ń tú ohun tó so ẹran ara pọ̀ ni, èyí tó sì tú ti fò lọ kí ooru tó ráyè ràn dé ẹ̀gbẹ́. Dókítà Stephen Trokel gbé e dé orí ẹyinjú lọ́dún 1983. Bí lésà bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ohun tó ń mú kúrò kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan.

"Fín" ni mo fi ń dípò "jó". Ó sì yẹ kí Ọ̀wọ̀ kọ́kọ́ gbà á. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú yẹn tó fín eyín erin ní ayé àtijọ́, tí iṣẹ́ wọn wà ní British Museum lónìí, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú kúrò títí eyín yóò fi rí bí wọ́n ṣe fẹ́.

Kí ni wọ́n ń fín? Awọ mọ́gaara tó wà níwájú ẹyinjú ni. Nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Bí a bá pè é ní "dígí ojú", awò ni èèyàn máa rò. Wọ́n á ṣí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ orí awọ náà bí ìdérí, wọ́n á fín abẹ́ rẹ̀, wọ́n á dé e padà láìrán an. Ẹni tí kì í ríran lọ́ọ̀ọ́kán, ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé kó tó dé ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀, nítorí náà àárín ni wọ́n ń fín kó lè tẹ́. Inú mi dùn sí "ọ̀ọ́kán" yẹn. Kò sí ìdí láti wá òmíràn. Àgbà tó ń na ìwé síwájú kó tó lè kà á, ìṣòro tirẹ̀ yàtọ̀, ó sì fẹ́ orúkọ tirẹ̀.

Lésà mìíràn wà tí kì í fín. Nínú irú gulòkómà kan, ó ń lu ihò kékeré sára ohun dúdú tó yí ọmọlójú ká kí omi inú ojú lè rí ọ̀nà gbà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kàtàráàtì, bí awọ ẹ̀yìn lẹ́ǹsì bá ṣú, ó ń là á ni. Kí ìwé tí aláìsàn ń tọwọ́ bọ̀ sọ ọ́ gbangba: ṣé wọ́n fẹ́ fín ni, ṣé wọ́n fẹ́ lu ni, àbí wọ́n fẹ́ là?