Ọdún 1984 àti Ẹgbẹ́ Shooting Stars: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Ẹ̀gbá nílé, lóko àti ní ẹ̀yìn odi, àwọn baba wa a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìṣubú tí mo fẹ́ kí a bojú wẹ̀yìn wò lónìí kì í ṣe ti ogun, kì í ṣe ti oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti òwò. Ti bọ́ọ̀lù ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé yóò béèrè pé kí ni bọ́ọ̀lù ń wá nínú ìwé ìtàn ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbọ́njú ní oṣù Kejìlá ọdún 1984, tí ó sì rántí bí ojú àwọn ọkùnrin ti rí nígbà tí Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà mọ́ ẹgbẹ́ Shooting Stars lọ́wọ́ ní Surulere, kò níí bèèrè bẹ́ẹ̀.

Kí a tó sọ bí igi ti wó, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ó ti ga tó. Àjọ ìdàgbàsókè ti Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, èyí tí gbogbo ènìyàn ń fi lẹ́tà WNDC pè, ni ó ni ẹgbẹ́ náà ní Ìbàdàn nígbà àtijọ́. Lábẹ́ orúkọ WNDC ni wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup ní 1971. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sí ọwọ́ IICC, kí orúkọ Shooting Stars tó wá borí gbogbo orúkọ yòókù. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí ohun kan níhìn-ín: owó gbogbo Ìwọ̀-oòrùn ni ó tọ́ ẹgbẹ́ yìí dàgbà, kì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan. Àgbẹ̀ tí ó gbin kòkó ní Oǹdó, ìyá tí ó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, àti òṣìṣẹ́ tí ó ń san owó-orí ní Aké, gbogbo wọn ni wọ́n ní ìpín nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Ògùn. Abẹ́òkúta di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn. Inú wa dùn, ó sì tọ́ kí ó dùn. Nínú pípín ogún náà, ọwọ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í ṣe ilẹ̀ tí a lè fi ìlà pín lórí ìwé. Ọdún tí a pín ìpínlẹ̀ yìí gan-an ni Shooting Stars gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà, tí wọ́n sì tún gba Cup Winners' Cup ti gbogbo Áfíríkà. Wọ́n ná Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ tí Roger Milla wà nínú rẹ̀, ní góòlù 4 sí 1 nílé. Nígbà tí wọ́n lọ sí Kamẹrúùnù, góòlù 1 sí òdo péré ni wọ́n fi fìdí rẹmi. Báyìí ni wọ́n ṣe di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà. Kò sí ẹni tí ó béèrè ní Abẹ́òkúta pé ìpínlẹ̀ wo ni ó ni wọ́n. Tiwa ni.

Láti ìgbà náà lọ, ẹgbẹ́ náà di olórí láàrin àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà ní ilẹ̀ wa. Wọ́n gba Challenge Cup ní 1977 àti 1979, wọ́n sì tún gba líìgì ní 1980 àti 1983. Alátakò kan ṣoṣo tí a lè fi wé wọn ni Rangers ti Ẹnúgu, àwọn tí ó já wọn kúrò nínú ìdíje Áfíríkà ní 1977, tí wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ náà lọ.

Ní ti àwa Ẹ̀gbá, ìdí mìíràn tún wà tí a fi ń fẹ́ràn wọn. Ọmọ wa méjì ni ó wà ní àárín wọn bí òpó ilé. Èkíní ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1952, tí ó dàgbà ní Jos, tí ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní Pólí Ìbàdàn. Òun ni àwọn ènìyàn ń pè ní Mathematical, nítorí pé bí ẹni tí ó fi ìṣirò wọn pápá ni ó ń sáré tí ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Èkejì ni Mudaṣírù Lawal, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1954, ẹni tí iṣẹ́ títún ọkọ̀ ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà márùn-ún léra wọn ni Muda bá orílẹ̀-èdè yìí lọ, láti 1976 títí di 1984.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré Surulere, Nàìjíríà na Àljéríà ní góòlù 3 sí òdo, a sì gba Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdẹ́gbàmí ni ó gbá méjì wọlé, Muda Lawal ni ó gbá ẹ̀kẹta. Kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi jọ̀wọ́ kọ́ àwọn ọmọ ní èyí: góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó sọ Nàìjíríà di ọba Áfíríkà lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ọmọ tí a bí ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá.

Ẹ̀yin ará, ibi gíga yìí ni a wà nígbà tí 1984 wọlé dé. Shooting Stars ni ó gba líìgì ọdún tí ó ṣáájú, nítorí náà àwọn ni wọ́n ń ṣojú fún Nàìjíríà nínú ìdíje tí ó tóbi jù lọ fún àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà, ìyẹn Champions Cup. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè Oníigbíndé ni olùkọ́ wọn. Ọdún náà kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹta, Nàìjíríà pàdánù Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà sí ọwọ́ Kamẹrúùnù ní Abidjan, góòlù 3 sí 1. Muda Lawal ni ó gbá ẹyọ kan tiwa wọlé. Rangers gba líìgì kúrò lọ́wọ́ Shooting Stars. Ẹgbẹ́ Abiola Babes, tí olóògbé Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ wa, dá sílẹ̀, dé ìparí Challenge Cup, Leventis United sì na wọ́n ní góòlù 1 sí òdo. Ìrètí kan ṣoṣo tí ó kù ni Champions Cup.

Ìrètí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ, nítorí pé wọ́n dé ìparí ìdíje. Ṣùgbọ́n Zamalek na wọ́n ní góòlù 2 sí òdo ní Kaíró. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá, tí Zamalek wá sí Èkó, gbogbo ènìyàn gbà pé ohun tí a ṣe fún Tonnerre ni a óò ṣe fún wọn. Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò wa ti gba ọ̀nà Ìfọ̀ àti Sàngó Ọ̀tà lọ sí Surulere láti òwúrọ̀. Àwa tí a kù nílé kó ara wa jọ yí rédíò ká. Góòlù kan ṣoṣo ni ó wọlé lọ́jọ́ náà, Zamalek ni ó sì gbá a. Àgbà kan ní agbo ilé wa nawọ́, ó pa rédíò, kò sì sí ẹni tí ó bi í pé èé ṣe. Àwọn tí ó lọ sí Èkó kò padà títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò kí ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì parí títí di òní ní ibi tí àwọn àgbà olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù bá jókòó sí. Àwọn kan ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ti darúgbó. Àwọn mìíràn ní wọ́n ti gba owó. Àwọn kan tilẹ̀ ní oògùn ni àwọn ará Íjíbítì lò. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀ràn náà wò bí ẹni tí ó mọ ìwé. Ní ti ọjọ́ orí, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: Ọdẹ́gbàmí ti pé ọdún 32, ìdíje yìí ni ó sì fi bọ́ọ̀lù tì. Ní ti owó àti oògùn, kò sí ẹni tí ó mú ẹ̀rí wá láti ìgbà náà títí di òní, ọ̀rọ̀ tí kò sì ní ẹ̀rí kò yẹ kí ó ba orúkọ ọmọlúwàbí jẹ́. Ohun tí mo rí ni pé ní 1976, ilé ni a ti kọ́kọ́ gbá. Góòlù mẹ́rin ti wà nínú àká kí a tó rìnrìn àjò, bí wọ́n sì ti na wá ní Yaoundé, èyí tí a ti kó pamọ́ tó wa. Ní 1984, àjò ni a kọ́kọ́ lọ, gbèsè góòlù méjì ni a sì gbé bọ̀ wálé. Ẹni tí ó bá jẹ gbèsè wọ ọjà kì í ná ọjà ní ìrọ̀rùn.

Ẹ tún jẹ́ kí a ro èyí pẹ̀lú. Títí di 1984, kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tí ó tíì gba Champions Cup. Rangers dé ìparí ní 1975, wọn kò rí i gbà. Shooting Stars tún dé ìparí ní 1996, Zamalek kan náà ni ó tún fi pẹ̀nárítì borí wọn. Ó di 2003 kí Enyimba tó gbé e wá sí Nàìjíríà, ìyẹn ọdún 19 lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ burúkú yẹn. Nítorí náà, ohun tí a pè ní ìtìjú ní 1984, ẹgbẹ́ mìíràn ìbá fi ṣe orin. Ògo àtẹ̀yìnwá ni kò jẹ́ kí a mọ iyì ohun tí a rí. Ẹni tí ó bá ti mọ iyán jẹ lójoojúmọ́, bí a bá gbé ẹ̀bà fún un, yóò ní ebi ni òun sùn.

Ìpàdánù kọ́ ni ó burú jù, ẹ̀yin ará mi, bí kò ṣe ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tú ẹgbẹ́ náà ká nítorí pé wọn kò gba ife-ẹ̀yẹ. Ẹgbẹ́ tí owó gbogbo Ìwọ̀-oòrùn tọ́ dàgbà, tí ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Èkìtì àti ọmọ Ọ̀yọ́ jọ ń fẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu aláṣẹ ni ó tú u ká. Àwa olólùfẹ́ rẹ̀ kò sì lè sọ ohunkóhun, nítorí pé ìfẹ́ nìkan ni a ní, a kò ní àṣẹ. Wọ́n tún un kó jọ lẹ́yìn náà lóòótọ́, ó sì gba CAF Cup ní 1992 àti líìgì ní 1995 àti 1998, ṣùgbọ́n ìdúróṣinṣin ìgbà àtijọ́ kò padà bọ̀ sípò. Ní 2017 wọ́n já bọ́ kúrò nínú líìgì àgbà, ó sì di 2021 kí wọ́n tó padà.

Ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, a rò pé a ti rí ìtùnú. Abiola Babes gba Challenge Cup ní 1985, wọ́n sì tún gbà á ní 1987. Olóògbé Rashidi Yekini, tí ó wá di ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbá góòlù wọlé fún Nàìjíríà nínú Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 1994, ti Shooting Stars wá sọ́dọ̀ wọn, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1987 kí ó tó lọ sí Abidjan. Ṣùgbọ́n níbo ni Abiola Babes wà lónìí? Níbo ni Leventis United wà? Orúkọ wọn nìkan ni ó kù nínú ìwé. Ọwọ́ ẹnì kan, tàbí ilé-iṣẹ́ kan, ni ó gbé wọn dúró. Nígbà tí ọwọ́ náà kúrò, wọ́n ṣubú. Èmi kò dá àwọn olówó lẹ́bi, oore ni wọ́n ṣe. Àwa tí a jókòó tí a ń wòran ni kí a bi ara wa léèrè ohun tí a fi kún un.

Lísàbí, baba wa, kò fi agbára òun nìkan gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ àwọn ìlàrí Aláàfin. Àáró ni ó dá sílẹ̀: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, títí agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn fi di ọ̀kan. Ọ̀nà kan náà ni mo rí fún wa. Kí Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú wa dá ìdíje bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá àti Òwu, kí a máa fi owó díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe é, nílé àti lẹ́yìn odi, kí ó má bàa sí ẹnikẹ́ni tí yóò jí lọ́jọ́ kan tí yóò sọ pé òun ti tú u ká. Kí a sì kọ orúkọ àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ yìí sínú ìwé kan, kí àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á.

Muda Lawal jáde láyé ní oṣù Keje ọdún 1991, kò tíì ju ọmọ ọdún 37 lọ. Pápá ìṣeré tí ó wà ní Aṣerò ni a fi orúkọ rẹ̀ pè. Ọdẹ́gbàmí dá ilé-ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ ní Wáṣinmi. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí ń gba Aṣerò kọjá mọ ẹni tí wọ́n ń dárúkọ. Bí a bá sì tún jókòó sọ̀rọ̀ 1984, kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù lọ sókè pápá. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àwa tí a ní ẹgbẹ́, tí a kò mọ̀ pé a ní in, títí ẹlòmíràn fi tú u ká lójú wa.

Kí Olódùmarè bá wa dá Ilẹ̀ Ẹ̀gbá sí. Àṣẹ.